Kí Sípánà Tó Wọ Àpótí: Yíyan Irinṣẹ́ fún Ìtọ́jú Ọkọ̀ Nínú Ilé

Bóòtù àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi de ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè jókòó kà tán lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n orí wọn kò pọ̀ rárá, ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀ lórí irinṣẹ́. Bí a bá mú Toyota Corolla tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2008 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wà lára àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ojú mọ̀ dáadáa ní òpópónà ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ní sípánà nọ́ńbà 10, 12 àti 14 lọ́wọ́ lè tú èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. 17 àti 19 ni yóò máa bá pàdé bí iṣẹ́ bá dé ìsàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà. 21 sì ni ti nọ́ọ̀tì táyà. Nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe orúkọ lásán, ìwọ̀n fífẹ̀ orí bóòtù ni wọ́n, láti ẹ̀gbẹ́ kan títí dé ẹ̀gbẹ́ kejì tí ó dojú kọ ọ́, tí a fi mìlímítà kà, mẹ́wàá mìlímítà sì ni ó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan.

Kò sí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí kì í tètè kọ́ nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí pé bí ọ̀gá bá na ọwọ́ láti abẹ́ ọkọ̀ tí ó ní kí wọ́n gbé “fọ́tìn” wá, kò ní rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá gbé “tuwẹ́ẹ̀fù” lé e lọ́wọ́, àti pé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú ọmọ náà yóò ti mọ orí bóòtù débi pé kò ní nílò láti wo nọ́ńbà tó wà lára sípánà mọ́. Onímọ́tò tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ nínú ilé kò ní irú àkókò ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ìlú tí ọkọ̀ rẹ̀ ti wá, kí ó sì mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe bóòtù wọn. Bóòtù tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 8, orí 12 ni àwọn ará Japan sábà máa ń fún un, orí 13 sì ni àwọn ará Jámánì máa ń fún un. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó jẹun lórí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, mọ̀ pé ẹni tí kò ní nọ́ńbà 13 kò tíì ní irinṣẹ́; lónìí ẹni tó ni Corolla lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá 13 kankan. Ohun tí a ń sọ ni pé ọkọ̀ ni ó ń yan irinṣẹ́ fún olówó rẹ̀, kì í ṣe ọjà.

Ọjà ní tirẹ̀ fẹ́ràn àpótí ńlá. Ẹni tó bá rìn dé Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ọjà Gate ní Ìbàdàn, yóò rí àpótí aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ohun gbogbo sì ń dán nínú ihò rẹ̀ bí ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó tuntun. Bí onítọ̀hún bá fara balẹ̀ kà á, yóò rí i pé orí sikudíráfà kéékèèké ni ó pọ̀ jù nínú iye náà, àti pé apá kan nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù ni wọ́n fi íǹṣì wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí Corolla ti ń lo íǹṣì fún bóòtù tí onílé yóò fọwọ́ kàn. Ìdajì íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, èyí tí ó sún mọ́ 13 tó láti tan ènìyàn jẹ, tí kò sì tó láti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà 13 tú bóòtù ìdajì íǹṣì tó ti dógùn-ún yóò yí igun orí rẹ̀ di róbótó, bóòtù tí orí rẹ̀ bá sì ti di róbótó ti kúrò lọ́wọ́ onílé, ó ti di ti ẹni tó ní ẹ̀rọ ìjórin. Èyí tí ó sàn jù ni kí ènìyàn ra irinṣẹ́ ní ẹyọ ẹyọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 8 dé 19 ní ti mìlímítà, kí ó sì fi 21 kún un, kí owó tí ì bá fi ra èyí tí kò ní lò lè lọ sórí bí èyí tí yóò lò ṣe dára tó.

Ìrísí sípánà náà ní ìdí. Sípánà tí ẹnu rẹ̀ là, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúláàtì, ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni ó ń di mú lára bóòtù tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà, nítorí náà ó yá láti fi yí ohun tó ti dẹ̀, ó sì léwu láti fi tú ohun tó le. Sípánà róbótó, tí wọ́n ń pè ní ríǹgì, máa ń yí orí bóòtù ká pátápátá. Èyí tí ó jẹ́ fúláàtì ní orí kan, tí ó sì jẹ́ ríǹgì ní orí kejì, ni ó wúlò jù fún ilé, nítorí pé nọ́ńbà kan náà ni orí méjèèjì, kò sì sí ìdí láti ra lẹ́ẹ̀mejì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni irin kóńkó bíi ife tí a máa ń ki bọ orí bóòtù, tí a sì ń fi ọwọ́ tó ń yí láì jẹ́ pé a yọ ọ́ kúrò, ìyẹn rátíṣẹ́ẹ̀tì, yí i. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn ní igun mẹ́fà, ti òmíràn ní méjìlá. Onígun méjìlá rọrùn láti fi bọ orí bóòtù níbi tí ojú kò tó, ṣùgbọ́n onígun mẹ́fà ni kò ní yọ̀ lórí bóòtù tó ti dógùn-ún, bóòtù abẹ́ ọkọ̀ ní ìlú tí òjò rẹ̀ pọ̀ sì kì í pẹ́ dógùn-ún. Ojú ihò tí ọwọ́ rátíṣẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́ta tó wọ́pọ̀, ìlàrin íǹṣì, mẹ́ta nínú mẹ́jọ íǹṣì àti ìdajì íǹṣì, èyí sì wà lára àwọn ibi tí gbogbo ayé ti gbà láti máa lo íǹṣì títí di òní. Ti àárín yẹn ni kí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kọ́kọ́ rà, kí ó sì fi ọ̀pá ìfàgùn kan tì í, nítorí pé pílọ́ọ̀gì Corolla wà nínú kòtò jíjìn lábẹ́ kọ́ìlì, sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 tó gùn, tó ní rọ́bà tàbí mágínẹ́ẹ̀tì nínú láti fi di pílọ́ọ̀gì mú, ni ó sì lè gbé e jáde láì jẹ́ kí ó já bọ́ kí ó fọ́. Ní ti púláyà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di nǹkan mú, kì í ṣe láti tú bóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ojú ọ̀pọ̀ bóòtù ti rí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀pọ̀ là á ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là á ra ògo, ọ̀rọ̀ náà sì bá irinṣẹ́ mu, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àlàyé díẹ̀. Irin tí wọ́n po kúróòmù àti fánádíọ́ọ̀mù mọ́, tí wọ́n sábà máa ń kọ Cr-V sí lára, le ju irin lásán lọ, kì í sì í tètè là. Síbẹ̀ ìkọ̀wé kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹni tó ń ṣe ayédèrú náà lè kọ ọ́. Àyẹ̀wò tí ó ṣeé gbára lé ni kí oníbàárà mú bóòtù kan tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ọjà, kí ó ki sípánà bọ̀ ọ́, kí ó mì ín: èyí tó bá ń rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀ yóò yí igun bóòtù náà dànù lọ́jọ́ kan. Irinṣẹ́ tòkunbọ̀, èyí tí ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun kí ó tó wọlé, sábà máa ń dára ju titun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí ẹnu rẹ̀ kò bá tíì là, nítorí pé sípánà tó ti lo ogún ọdún láì là ti jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Ó dùn mọ́ni pé orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí ó sì padà wálé ni a fi ń pe ọkọ̀ àti irin tó gba ọ̀nà kan náà wá.

Títí dé ibí yìí, irinṣẹ́ tó ń tú nǹkan àti èyí tó ń de nǹkan ni a ń sọ, kò sì sí mẹkáníìkì àdúgbò tí kò ní wọn. Irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan ni ó ṣọ̀wọ́n, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí onílé fi owó rẹ̀ sí ní pàtàkì, nítorí pé owó tí àwọn onímọ́tò ń pàdánù lórí ọkọ̀ kì í sábà jẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò tú u, bí kò ṣe pé ohun tí kò bàjẹ́ ni wọ́n tú.

Géèjì afẹ́fẹ́ táyà ni ó kéré jù nínú wọn, tí owó rẹ̀ sì fúyẹ́ jù. Ìwé pélébé kan wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ tí ó sọ iye afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fẹ́, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín 30 sí 35 ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní psi, fún ọkọ̀ kékeré. Fọ́kànáísà tí kò rí ìwé náà, tàbí tí géèjì rẹ̀ ti ṣubú lulẹ̀ láìmọye ìgbà, lè fa 40 sí i pẹ̀lú ọkàn rere. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó jáde, ni kí a wọ̀n ọ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń gbóná bí ọkọ̀ bá ti rìn, ìwọ̀n rẹ̀ a sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tó bá dín in kù nígbà tó gbóná yóò bá táyà rẹ̀ nílẹ̀ ní rírọ̀ ní ọjọ́ kejì.

Mítà iná, tí àwọn ríwáyà tún ń pè ní tẹ́sítà, ń wọn agbára iná ní fóòtì. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, yóò fi nǹkan bíi 12.6 hàn, bí ó bá wà ní 12.0 tàbí kí ó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà náà gòkè sí àárín 13.8 sí 14.5, nítorí pé ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí láti fi gbé iná padà sínú bátìrì, ti wọ iṣẹ́. Bí ó bá dúró sí 12 síbẹ̀, bátìrì kọ́ ni aláìsàn, ọ́tánétọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni. Bí ó bá kọjá 15, ìṣàkóso iná náà ti bàjẹ́, bátìrì titun tí wọ́n bá sì gbé sí i yóò jóná bíi ti àná. Ìwọ̀n méjì yìí, tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ni ó fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó ra bátìrì nítorí pé ó ti gbó àti ẹni tó ra bátìrì mẹ́ta láàárín ọdún kan. Nígbà tí a bá fẹ́ tú orí bátìrì, nọ́ńbà 10 ni, orí tí wọ́n sàmì ìyọkúrò sí ni a kọ́kọ́ ń tú, nítorí pé gbogbo ara ọkọ̀ so mọ́ ọn. Bí sípánà bá kan irin ara ọkọ̀ nígbà tí orí kejì ni a ń tú, tí orí ìyọkúrò náà sì ṣì wà níbẹ̀, iná ńlá yóò ṣẹ́.

Sípánà tó ń wọn agbára ìyípo, tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀kì, ni àwọn ènìyàn máa ń rò pé ó jẹ́ àṣejù. Agbára ìyípo ni agbára tí a fi ti ìpẹ̀kun sípánà ní ìlọ́po gígùn rẹ̀, nútọ̀n-mítà ni a sì fi ń kà á. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ Toyota là sílẹ̀ fún nọ́ọ̀tì táyà Corolla ni 103. Láti mọ bí èyí ti tó, kí a rò pé ọmọdé tó wúwo tó kílò 35 dúró ní ìpẹ̀kun sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30: agbára tó ń wọ nọ́ọ̀tì nígbà náà ni 103 náà gẹ́lẹ́. Bí àgbàlagbà tó wúwo tó kílò 70 bá gun orí sípánà kan náà bí wọ́n ti máa ń ṣe, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ ni ó fi de é, èyí lè na bóòtù, ó lè ká díísìkì bíréèkì lọ́nà tí ọkọ̀ yóò fi máa gbọ̀n nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ó sì dájú pé ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò lóru ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kò ní lè tú u. Kì í ṣe irọ́ pé ọwọ́ ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ìwọ̀n láì wo ohunkóhun. Ọwọ́ onílé tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni kò mọ̀ ọ́n. Bóòtù tí wọ́n fi dí ìsàlẹ̀ àgbá ọ́ìlì, 37 péré ni ó ń fẹ́, ibẹ̀ sì ni àwọn tó gbà pé ó yẹ kí nǹkan le kí ó má bàa jò ti máa ń ba ojú ọ̀nà bóòtù jẹ́ tí ó fi wá ń jò títí ayé.

Ẹ̀kẹrin wọn ni sikánà. Láti ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ihò kan náà tó ní ẹsẹ̀ 16, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní ìhà awakọ̀, tí ẹ̀rọ lè fi bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ibẹ̀ ni ó ti wá. Èyí tó kéré jù, tí a lè so mọ́ fóònù, tó fún ilé. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni pé kóòdù tí sikánà ń kà máa ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà rí, kì í sọ ohun tó yẹ kí a rà. Bí P0171 bá jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kéré sí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì rọ́bà kan ni ó là tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti bo ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ́ pé fílítà epo ti dí. Ẹni tó bá sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ titun kí ó tó wo họ́ọ̀sì ti fi oògùn ibà wo egbò.

Irinṣẹ́ kan kù tí kì í wọn nǹkan, tí kì í sì í tú nǹkan, ṣùgbọ́n tí àìsí rẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Jáàkì tó bá ọkọ̀ wá nínú búùtù wà fún pípààrọ̀ táyà nìkan, ìyẹn ni pé kò yẹ kí ẹ̀yà ara ènìyàn kankan wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ó bá dúró lórí rẹ̀. Jáàkì olómi náà kò sàn jù ní ti èyí: ọ́ìlì inú rẹ̀ ni ó gbé ọkọ̀ dúró, rọ́bà kékeré kan ni ó sì dí ọ́ìlì náà mọ́nú, bí rọ́bà bá jò, kílò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan yóò sọ̀ kalẹ̀ láì pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ dé abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ra ẹsẹ̀ irin méjì, irú èyí tí a ń fi pín-ìnnì tì ní gíga tí a fẹ́, kí ó gbé ọkọ̀ kalẹ̀ sórí wọn, kí ó sì mì ín kí ó tó wọlé. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé, tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí iṣẹ́ yìí, kì í kìlọ̀ kí ó tó fọ́. Ó lè gbé ọkọ̀ dúró fún wákàtí kan, kí ó sì di yanrìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí ó sì le. Níbi tí àgbàlá bá jẹ́ ilẹ̀ pupa lásán, pákó tó nípọn ni kí a tẹ́ sábẹ́ jáàkì àti ẹsẹ̀ irin. Bíréèkì ọwọ́ Corolla, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ó ń dì mú, nítorí náà bí ẹ̀yìn bá ti kúrò nílẹ̀, bíréèkì náà kò di ọkọ̀ mú mọ́, igi tàbí òkúta ni kí a fi há táyà iwájú. Bí owó kò bá tó ra ẹsẹ̀ irin, kí iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ibẹ̀ náà sì ni kí bíréèkì, bàlúù ààbò inú sítíárì, àti gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù wà bí owó tilẹ̀ tó, nítorí pé kò sí àṣìṣe kékeré níbẹ̀.

Fún pípààrọ̀ ọ́ìlì, tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ onílé ń torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, abọ́ tó lè gba lítà márùn-ún tó, nítorí pé ẹ́ńjìnnì Corolla náà kò gbà ju lítà 3.7 lọ pẹ̀lú fílítà. Ìyẹn ni pé gálọ́ọ̀nù olólítà mẹ́rin kò gbọdọ̀ tán sínú rẹ̀, bí àwọn kan ti máa ń dà á títí ìsàlẹ̀ kí owó má bàa ṣòfò. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àrọ, wáṣà titun fún bóòtù ìsàlẹ̀, àti ike olóòmọrí tí a ó fi gbé ọ́ìlì dúdú náà fún ẹni tó ń gbà á dípò kí ó lọ sínú gọ́tà, wọ́n kò wọ́n, ṣùgbọ́n inú àpótí ni ipò wọn wà. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan náà yẹ níbẹ̀, tí a ó kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sí nígbàkúùgbà tí a bá fọwọ́ kan nǹkan, nítorí pé ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú yóò gba ìwé yẹn gbọ́ ju ẹnu lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a nu irin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkísà tó ní ọ́ìlì díẹ̀ lára kí ìpẹtà má bàa mú un nígbà òjò, kí a sì kà wọ́n kí a tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, nítorí pé sípánà tí a bá gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì lè ba ohun tó pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ jẹ́. Nọ́ńbà 10 ni ó sábà máa ń dín nínú iye náà. Òun ni ó kéré jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, inú fírémù lábẹ́ bátìrì sì ni ó máa ń bọ́ sí, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í ra ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.